Orí Kẹfà: Ohun Tó Sọnù, Ohun Tí A Rí He, àti Bí Ó Ṣe Ń Padà Dé Ọwọ́ Olóhun

Ìlépa ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàrin ohun tó sọnù, ohun tí a jí àti ohun tí a rí he;
- ṣàpèjúwe ohun ìní kan lọ́nà tí ẹni tí kò rí i rí yóò fi dá a mọ̀;
- sọ ìgbésẹ̀ tí ẹni tó sọ nǹkan nù àti ẹni tó rí i he gbọ́dọ̀ gbé;
- sọ ohun tí òfin wí nípa ẹni tó rí nǹkan he tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀.

6.1 Ìfáárà

Lójoojúmọ́ ni nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn: fóònù nínú dánfó, káàdì ATM lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì, ìwé ẹ̀rí WAEC lórí tábìlì ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, báàgì ìyá ọlọ́jà tó já bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà. Kì í ṣe oríire nìkan ló ń mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà wálé. Ẹni tó sọ ọ́ nù ní láti sọ fún ẹni tó yẹ, ẹni tó rí i he ní láti mú un dé ibi tó yẹ, àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì sì ní láti pàdé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, ohun náà lè wà ní àgọ́ ọlọ́pàá fún oṣù púpọ̀ nígbà tí olóhun rẹ̀ ti gbà pé ó ti lọ pátápátá.

6.2 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ohun tó sọnù ni ohun ìní tó bọ́ lọ́wọ́ olóhun láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú nù, tí kò sì sí ẹni tó fi ipá tàbí ẹ̀tàn gbà á. Kọ́kọ́rọ́ tó jábọ́ láti inú àpò tó lu jẹ́ àpẹẹrẹ kan.

Ohun tí a jí ni èyí tí ẹlòmíràn mú lọ pẹ̀lú èrò láti gbà á mọ́ olóhun lọ́wọ́.

Ohun tí a rí he ni ohun tí ènìyàn bá nílẹ̀, nínú ọkọ̀ tàbí níbòmíràn, tó sì gbé láìmọ ẹni tó ni ín.

Olóhun ni ẹni tó ni ohun náà gan-an, tàbí ẹni tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yá kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò lè lọ fi tó ọlọ́pàá létí pé ó sọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló rà á.

Àmì ìdánimọ̀ ni ohunkóhun lára ohun ìní tó yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn irú rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ àgọ́ ni ìwé ńlá tó máa ń wà lójú káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n ń kọ gbogbo ìfisùn sí. Dáyárì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ni ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgọ́, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí fún ẹni tó wá fi ọ̀rọ̀ sùn. Ní àgọ́, *extract* ni wọ́n ń pè é.

Ìwé ìbúra, tàbí afidáfíìtì, ni ìwé tí ènìyàn bá búra lé lórí níwájú òṣìṣẹ́ kóòtù pé òótọ́ ni ohun tí òun sọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tó sọnù àti ohun tí a jí ṣe pàtàkì lójú ọlọ́pàá, nítorí pé ìwádìí tí wọ́n máa ń ṣe lórí ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Bí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Òṣòdì, kò gbọdọ̀ sọ pé ó sọnù nítorí pé ó ń sá fún wàhálà. Bí kò bá sì dá a lójú, ohun tó mọ̀ nìkan ni kí ó sọ: “Fóònù wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, n kò rí i mọ́.”

Ọmọ tó sọnù kì í ṣe ohun ìní, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú orí yìí. Kí a kàn rántí pé ojú ẹsẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá. A kò gbọdọ̀ dúró de wákàtí kankan.

6.3 Àmì ìdánimọ̀: bí ohun ìní ṣe ń fi olóhun hàn

Kí àgọ́ ọlọ́pàá tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn èèyàn ti mọ̀ pé ohun tí kò lámì ṣòro láti gbà padà. Ẹni tó ń sin adìẹ a so àkísà aláwọ̀ mọ́ ìyẹ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ẹni tó ní ewúrẹ́ a gé etí rẹ̀ lọ́nà tí ará ilé rẹ̀ mọ̀. Títí di òní, kí abọ́ àti kúlà tó jáde lọ sí òde ìnáwó, ìyá tó ni ín á ti fi ọ̀dà tàbí kútẹ́ẹ̀sì kọ orúkọ sí ìdí wọn. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fọ abọ́ tán lẹ́yìn òde, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni yóò wà nílẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò lámì yóò sì máa ṣàròyé. Orí ìlànà yìí kan náà ni iṣẹ́ ọlọ́pàá dúró lé.

Oríṣi méjì ni àmì ìdánimọ̀. Àmì gbangba ni èyí tí gbogbo ènìyàn lè rí: àwọ̀, ìtóbi, irú nǹkan tó jẹ́, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àmì ìkọ̀kọ̀ ni èyí tó ṣòro fún ẹlòmíràn láti mọ̀: ibi tó ti ya nínú, ohun tó wà nínú àpò kékeré rẹ̀, iye owó àti bí a ṣe dì í, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí i lára. Àmì gbangba ni a fi ń wá ohun kan. Àmì ìkọ̀kọ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó ní òun ni olóhun ń sọ òótọ́.

Àwọn ohun ìgbàlódé ní nọ́ńbà tiwọn. Bí a bá tẹ *#06# sórí fóònù, yóò gbé nọ́ńbà kan jáde tí à ń pè ní IMEI, tó ní díjíìtì 15. Fóònù tó ń gba síìmù méjì sábà máa ń ní méjì. A tún lè rí nọ́ńbà náà lára páálí tí wọ́n fi ta fóònù. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ní nọ́ńbà ẹnjìnnì, ó sì tún ní nọ́ńbà ara ọkọ̀, tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti díjíìtì 17. Kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ohun tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò sí lára rẹ̀, bí ẹ̀gbà ọrùn tàbí aago, a lè ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́. Ibi tí a bá kọ nọ́ńbà fóònù sí kò gbọdọ̀ jẹ́ inú fóònù yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èyí àfi ọjọ́ tí fóònù bá sọnù.

Ẹ wo àpèjúwe méjì yìí, tó dá lórí báàgì kan náà:

*Àpèjúwe Kìíní:* “Mo sọ báàgì dúdú kan nù. Owó àti fóònù wà nínú rẹ̀.”

*Àpèjúwe Kejì:* “Báàgì aláwọ dúdú ni, èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká. Síìpù àpò iwájú rẹ̀ ti bàjẹ́, mo fi pín-ìn-nì mú un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni fóònù Tecno aláwọ̀ búlúù kan, tí gíláàsì rẹ̀ sán ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. ₦18,500 tí mo fi rọ́bà dì. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lórí òrùka kan tí a so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́. Àti rìsíìtì ilé oògùn tí mo ká sínú àpò inú.”

Kò sí irọ́ nínú àpèjúwe kìíní, àmọ́ báàgì tó bá a mu lè pọ̀ ní àgọ́ kan ṣoṣo. Àpèjúwe kejì bá báàgì kan péré mu. Bí ẹlòmíràn bá gbọ́ pé wọ́n rí báàgì dúdú he, tó sì sáré wá pé òun ló ni ín, pín-ìn-nì àti ìlẹ̀kẹ̀ funfun yóò tú u fó.

6.4 Ìgbésẹ̀ ẹni tó sọ nǹkan nù

6.4.1 Dídènà àdánù mìíràn. Bí ohun tó sọnù bá jẹ́ fóònù, síìmù tàbí káàdì báńkì, kí a tó lọ sí àgọ́ ni kí a ti pe ilé iṣẹ́ tó ni síìmù kí wọ́n tì í, kí a sì pe báńkì kí wọ́n ti káàdì náà pa. Ìdí ni pé ẹni tí síìmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbìyànjú láti fi í gbé owó kúrò ní báńkì, kódà lórí fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí nọ́ńbà ìpè báńkì wà nínú ìwé nílé. Lẹ́yìn èyí, olóhun lè gba nọ́ńbà rẹ̀ padà sórí síìmù tuntun ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti máa béèrè NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní díjíìtì 11.

6.4.2 Pípadà sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Inú ọkọ̀ èrò ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń sọnù, ọkọ̀ èrò sì máa ń padà sí gáréèjì. Nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, ojú ọ̀nà tó ń ná àti aago tí a wọ̀ ọ́ lè mú kí àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ níbẹ̀ mọ awakọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ gáréèjì tí ọkọ̀ ti ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn máa ń kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà fóònù sínú máníféèsì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwé yìí lè tọ́ka sí ọkọ̀ tí a wọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ báńkì, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálááṣí ni, ọ̀dọ̀ àwọn aláàbò tàbí ní ọ́fíìsì ibẹ̀ ni a ti ń kọ́kọ́ béèrè.

6.4.3 Fífi tó ọlọ́pàá létí. Àgọ́ tó sún mọ́ ibi tí nǹkan náà ti sọnù ló dára jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó rí i he náà ṣeé ṣe kí ó gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó wà lójú káńtà ni a máa lọ. Yóò béèrè orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ohun tó sọnù, ibi tó ti sọnù, ọjọ́ àti aago. Ẹni tí kò mọ̀wé lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́ kí ó tó tẹ̀ka sí i. Kí olóhun kọ orúkọ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó lọ sí ìwé tirẹ̀, torí pé ọlọ́pàá mìíràn lè wà lójú káńtà nígbà tó bá padà wá. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì 112, àti 767 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, wà fún ewu tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ń wá pọ́ọ̀sì tó sọnù.

Àpẹẹrẹ ìfisùn:

> Ní ọjọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, mo wọ ọkọ̀ akérò aláwọ̀ yẹ́lò kan ní Ọjọ́ta tó ń lọ sí Ìkòròdú. Ìjókòó kejì lẹ́yìn awakọ̀ ni mo jókòó sí. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 12. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ lọ tán ni mo rí i pé fáìlì àwọ̀ ewé mi kò sí lọ́wọ́ mi. Ìwé ẹ̀rí WAEC mi àti ìwé ọjọ́ ìbí mi wà nínú rẹ̀. Mo kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn fáìlì náà pẹ̀lú gègé pupa. N kò rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà, àmọ́ gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́, wọ́n fi ọ̀rá bò ó.

Ó sọ ibi tó jókòó sí, ó sọ ohun tó mọ̀ nípa ọkọ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀. Ìfisùn tó bá parọ́ nọ́ńbà ọkọ̀ yóò kó aláìṣẹ̀ sí ìdààmú.

6.4.4 Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ìrìnnà àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ sábà máa ń béèrè méjèèjì kí wọ́n tó ṣe òmíràn fún ẹni tí tirẹ̀ sọnù. Ní kóòtù ni a ti ń búra. Ìwà ọ̀daràn ni kí ènìyàn búra èké. Bí a bá sì padà rí ohun náà, ó yẹ kí olóhun lọ sọ fún àgọ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dé.

6.5 Ìgbésẹ̀ ẹni tó rí nǹkan he

Àwọn kan gbà pé ohun tí ènìyàn bá rí nílẹ̀ ti di tirẹ̀, pé Ọlọ́run ló fi ta á lọ́rẹ. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà, sọ̀rọ̀ ohun tó sọnù ní abala 383, níbi tó ti túmọ̀ olè jíjà. Ẹni tó rí nǹkan he tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀ kò jẹ̀bi bí kò bá mọ olóhun, tó sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé kò sí bí a ṣe lè rí olóhun. Ìdí méjèèjì gbọ́dọ̀ pé. Káàdì ìdánimọ̀ tó wà nínú pọ́ọ̀sì, tàbí fóònù tí olóhun ń pè léraléra, ti fi hàn pé olóhun ṣeé rí. Ẹni tó bá pa irú rẹ̀ mọ́ ti wà ní bèbè olè jíjà. Abala 390 sì sọ pé ìjìyà olè, níbi tí òfin kò bá ti yan òmíràn, lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún 3.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbé ohun tí wọ́n rí he lọ sí àgọ́ nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á ní àwọn ló jí i, tàbí pé owó tó wà nínú rẹ̀ yóò dín kí olóhun tó dé. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe òfo, ìdí sì nìyí tí ẹni tó rí nǹkan he fi gbọ́dọ̀ ṣe é ní gbangba. Kí ó pe ẹlẹ́rìí kan tàbí méjì, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ papọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kí ó mú ẹ̀dà kan dání lọ sí àgọ́ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Kí ó rí i pé ohun tí ọlọ́pàá kọ sínú dáyárì bá ẹ̀dà ọwọ́ òun mu, títí dé iye owó, kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ó sì béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì dàgbà kò gbọdọ̀ dá lọ. Kí ó fà á lé òbí tàbí olùkọ́ lọ́wọ́ kí àgbà bá a lọ. Ní abúlé tí àgọ́ jìnnà sí, a lè mú un dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, kí baálẹ̀ sì fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Kò yẹ kí ẹni tó rí fóònù he máa tú inú rẹ̀ wò. Kí ó fi í sílẹ̀ ní títàn kí ó lè gbé ìpè olóhun. Bí a bá fẹ́ kéde lórí WhatsApp tàbí Facebook, àmì gbangba díẹ̀ nìkan ni kí a sọ: “Mo rí pọ́ọ̀sì kan he ní gáréèjì Iwo Road lọ́sàn-án òní. Kí olóhun wá sọ àwọ̀ rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀.” Ẹni tó bá ya fọ́tò káàdì báńkì tàbí NIN ẹlòmíràn sójú ayé ti fún gbájú-ẹ̀ ní ohun èlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló fi ṣe é.

6.6 Iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí ohun náà bá dé àgọ́

Ọlọ́pàá yóò kọ ohun náà sílẹ̀, yóò so àkọlé mọ́ ọn, yóò sì tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi wé àwọn ìfisùn tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá wá pé òun ló ni ín, kì í ṣe ọlọ́pàá ló yẹ kí ó ṣàpèjúwe. Ẹni tó wá gbà á ni yóò sọ àmì ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síta. Bó bá jẹ́ fóònù, kí ó mú páálí tàbí rìsíìtì wá, tàbí kí ó ṣí i níwájú wọn. Bí ènìyàn méjì bá ń du ohun kan náà, kóòtù Májísíréètì lè pàṣẹ ẹni tí a ó gbé e fún. Nígbà tí olóhun bá gbà á, yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á, yóò sì ka ohun inú rẹ̀ kí ó tó jáde.

6.7 Àpẹẹrẹ láti Kánò àti Japan

Ní 2023, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 22 kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ akérò ní Kánò rí owó tó tó mílíọ̀nù 15 náírà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Oníṣòwò kan láti orílẹ̀-èdè Chad ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìkéde jáde lórí rédíò, awakọ̀ náà sì dá owó padà. Bí oníṣòwò náà bá ti gbà pé owó òun ti lọ, kì bá tí sí ìkéde tí awakọ̀ yóò gbọ́. Ọ̀nà àtijọ́ tí akéde fi ń lu agogo yí ìlú ká ni rédíò ń tọ̀ níbí, ó sì ṣì wúlò ní ìlú tí àgọ́ ọlọ́pàá pọ̀ sí.

Ní Japan, òfin wà fún ohun tó sọnù nìkan. Wọ́n tún un ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Ẹni tó rí nǹkan he lè gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kékeré tó wà ládùúgbò, tí wọ́n ń pè ní *kōban*. Oṣù 3 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí olóhun bá dé, ẹni tó rí i he lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀bùn tó jẹ́ ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Bí olóhun kò bá yọjú, ohun náà lè di ti ẹni tó rí i, àyàfi fóònù, káàdì àti àwọn nǹkan mìíràn tí ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn wà nínú wọn. Ohun tí ọlọ́pàá Tokyo nìkan gbà ní 2023 ju mílíọ̀nù 4 lọ. Ìwà rere àwọn ará Japan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yìn bí wọ́n bá gbọ́ èyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin tó ṣe kedere, àgọ́ tó sún mọ́ni àti ẹ̀bùn tí a ti kọ sílẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ tiwọn.

6.8 Kókó ẹ̀kọ́

- Ohun tó sọnù yàtọ̀ sí ohun tí a jí. Ohun tí a mọ̀ nìkan ni ká sọ fún ọlọ́pàá.
- Àmì gbangba la fi ń wá nǹkan, àmì ìkọ̀kọ̀ la fi ń mọ olóhun.
- Síìmù àti káàdì báńkì ni a kọ́kọ́ ń tì pa.
- Ẹni tó rí nǹkan he kò di olóhun. Kí ó dá a padà níwájú ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀.

6.9 Ìdánrawò

*Apá A: Yan ìdáhùn tó tọ̀nà.*

1. Díjíìtì mélòó ló wà nínú nọ́ńbà IMEI? (a) 10 (b) 11 (d) 15 (e) 17
2. Èwo nínú wọ̀nyí ni àmì ìkọ̀kọ̀? (a) àwọ̀ báàgì (b) ìtóbi báàgì (d) rìsíìtì tó wà nínú àpò inú (e) orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe báàgì
3. Abala wo nínú Criminal Code ló sọ̀rọ̀ nípa ohun tó sọnù tí ẹlòmíràn sọ di tirẹ̀? (a) 112 (b) 383 (d) 390 (e) 767

*Apá B: Dáhùn ní ṣókí.*

4. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra?
5. Kí ló dé tí ọlọ́pàá kò fi gbọdọ̀ ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n rí he fún ẹni tó wá gbà á?
6. Sọ ìdí méjì tó yẹ kí ó pé kí ẹni tó sọ ohun tó rí he di tirẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè jíjà.
7. Ọmọ kíláàsì rẹ kan rí ₦40,000 he nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Kọ ìgbésẹ̀ tó yẹ kí ó gbé tẹ̀léra.

*Apá D: Iṣẹ́ ṣíṣe.*

8. Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Kí ẹnì kan kó nǹkan mẹ́ta sínú báàgì láìjẹ́ kí ẹnì kejì rí i, kí ó kọ ìfisùn bí ẹni pé ó sọ ọ́ nù. Kí ẹnì kejì ṣe ọlọ́pàá, kí ó béèrè ìbéèrè márùn-ún tí yóò fi mọ olóhun.
9. Tẹ *#06# sórí fóònù òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ, lẹ́yìn tí o bá ti gba àṣẹ. Kọ nọ́ńbà tó bá jáde sínú ìwé, kọ nọ́ńbà ìpè báńkì wọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi ìwé náà sí ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀.